Ilẹ̀kùn wo ni kí n kàn lẹ́yìn digírì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, Ìtòkú ni ilé wa ní Abẹ́òkúta. Máíkíróbáyọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa kòkòrò tí ojú kò lè rí, ni mo kà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, 2:1, èyí tó tẹ̀ lé èsì tó ga jù, ni mo sì ṣe. Ó di oṣù kejì báyìí tí mo ti sin ìlú tán. Bàbá mi ní kí n wọlé másítà kíákíá kí iná ìwé má baà kú lára mi. Àbúrò bàbá mi tó wà ní ìlú òyìnbó ní kí n kó owó jọ kí n máa bọ̀. Màmá mi ń ta àdìrẹ, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ń dúró dè mí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni owó wà nínú rẹ̀. Òru ni mo máa ń jí, àyà mi á máa lù kìkì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?
Èmi ni, Ọmọ Ìtòkú.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú oríire. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí ọ ná, nítorí mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kí ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún ọ. Bóyá wọ́n kí ọ, ìpayà ni kò jẹ́ kí o rántí kọ ọ́. 2:1 nínú Máíkíróbáyọ́lọ́jì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń he ní ọjà Kútọ̀.

Ohun tí mo rò rèé, kí n má fi ọ̀rọ̀ yí ọ po. Má wọlé másítà lọ́dún yìí. Wá iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lo ohun tí o kà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré, kí o ṣe é fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni yóò sọ fún ọ irú másítà tó yẹ kí o ṣe, tàbí pé o ò nílò rẹ̀ rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún: ẹni tó ti dá lójú pé olùkọ́ yunifásítì lòun fẹ́ jẹ́. Ọ̀nà tirẹ̀ jìn, kì í parí sí másítà, ó di ìgbà tó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó tètè mú ọ̀nà pọ̀n. Ṣùgbọ́n o ò sọ ọ́ níbì kankan nínú lẹ́tà rẹ pé o fẹ́ kọ́ni. Ohun tí bàbá rẹ fẹ́ lo sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí èmi náà sin ìlú tán, mi ò ríṣẹ́, ojú sì ń tì mí láti máa jókòó sílé wa ní Adátán kí àwọn ará àdúgbò máa béèrè pé ṣé mi ò tíì lọ ibi iṣẹ́. Mo bá gba fọ́ọ̀mù másítà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, èmi náà ò bi ara mi. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n ní yóò gbà. Ọdún mẹ́rin ló gbà. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi rìnrìn àjò, ìyanṣẹ́lódì dé, wọ́n sì yí àkòrí mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo jáde, ibi tí mo ti kọ́kọ́ lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, màmá kan tó jókòó lápá òsì gbé ìwé ẹ̀rí mi méjèèjì yẹ̀ wò, wọ́n wá ní, "Èwo nínú ohun tó wà níbí lo ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe rí?" Ọmọ mi, ẹnu mi wọhò. Mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga báyìí, ìbéèrè màmá yẹn ni mo ṣì ń bi gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi.

Jẹ́ ká wá wo ilẹ̀kùn tó wà níwájú rẹ, torí àwọn kan wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí, tí wọn ò sì ṣí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ka Máíkíróbáyọ́lọ́jì ló máa ń rò pé àwọn lè gba iṣẹ́ láàbù ní ilé ìwòsàn bí ẹni tó ka iṣẹ́ yẹn gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 gbé ìgbìmọ̀ MLSCN kalẹ̀ láti máa fún àwọn onímọ̀ láàbù ìṣègùn ní ìwé àṣẹ, digírì tí wọ́n sì ń béèrè ni BMLS, digírì ìmọ̀ láàbù ìṣègùn. Ìwé tìrẹ nìkan kò lè gbé ọ dé ibẹ̀, másítà kò sì ní sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yẹn tọkàntọkàn yóò padà lọ gba BMLS. Mo ti rí àwọn tó ná owó másítà tán kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo rẹ̀.

Àwọn ilẹ̀kùn tó ṣí fún ọ ni gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ tàbí tí ènìyàn ń mu. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣàgámù kún fún ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn tí kì í ní àwọn tó ń yẹ ọjà wò kó tó jáde. QC ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìyẹ di ọmọ, àwọn tó ń po oúnjẹ ẹran, àwọn tó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Àwọn oníléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá náà ń wá wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì pọ̀ láàárín ìlú yìí.

Má fojú kéré omi inú ọ̀rá. Ọmọbìnrin kan tó jáde ní ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sunkún pé ilé iṣẹ́ omi kékeré kan ní Ọbáńtókò nìkan ló gba òun. Mo ní kó lọ. Nígbà tó ṣe oṣù kẹta níbẹ̀, mo lọ wò ó. Yàrá rẹ̀ kò ju ibi tí wọ́n ń tò ọ̀rá omi sí lọ. Ó fi ẹ̀rọ fa ọgọ́rùn-ún mílílítà omi gba inú pépà funfun kan tó fẹ́lẹ́, ó fi pínsẹ́ẹ̀tì mú pépà náà, ó tẹ́ ẹ sórí oúnjẹ kòkòrò nínú àwo pẹlẹbẹ, ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ amóoru títí di ọjọ́ kejì. Ó wá fi àwo ọjọ́ tó ṣáájú hàn mí. Àmì mẹ́ta wà lórí pépà náà, wọ́n pupa, wọ́n sì ń dán gbinrin bí ẹ̀yìn eṣinṣin ńlá. Ó ní, "Mà, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọkọ̀ gbé omi yìí jáde, mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i." Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ sí nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà omi mímu, bó ṣe ẹyọ kan. Àmì tí ó rí yẹn sì jọ ti ìdílé E. coli, ó yẹ kí wọ́n dúró títí wọn yóò fi mọ̀. Wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọ náà fi ń bu omi láti ojú kànga dé ẹnu ẹ̀rọ, ibi dé ibi, kó tó rí i pé inú páìpù kan tó tẹ̀ lẹ́yìn asẹ́ omi ni àwọn kòkòrò náà ti hu nǹkan yọ̀lọ̀yọ̀lọ̀ tí wọ́n sá sí abẹ́ rẹ̀, tí oògùn tí wọ́n ń fọ páìpù kì í fi í kàn wọ́n.

Ọmọ yẹn ti ṣe másítà báyìí. Nǹkan yọ̀lọ̀yọ̀lọ̀ inú páìpù yẹn ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Kò sẹ́ni tó yí àkòrí rẹ̀ padà, torí òun ló mú ìbéèrè náà wọlé láti ìta, ó sì mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ lọ. Ohun tí mo ń wá fún ìwọ náà nìyẹn.

Ní ti owó, mi ò ní tàn ọ́. Láti 2024, 77,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí, iye kan náà sì ni àgùnbánirọ̀ ń gbà báyìí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè má jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Tó bá jẹ́ Ṣàgámù tàbí Ọ̀tà ni iṣẹ́ náà, má gbìyànjú láti máa ti Ìtòkú lọ kí o sì máa padà lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ yóò jẹ ẹ́ tán. Wá mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ tí o lè dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ inú Abẹ́òkúta bá san díẹ̀ kéré sí ti òkèèrè, mú ti Abẹ́òkúta, kí o máa jẹun màmá rẹ.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí o ṣe láàárín ọdún yẹn. Lọ béèrè fún transcript rẹ, ìwé tó kó gbogbo èsì ìdánwò rẹ jọ, ní Alábàtà nísinsìnyí tí o ò tíì nílò rẹ̀, kí o mọ ìlànà àti iye rẹ̀. Gba pásípọ́ọ̀tù. Má láámínéètì ìwé ẹ̀rí kankan, ti ilé ìwé tàbí ti ìsìnlú, torí ibi tí wọn yóò ti lu òǹtẹ̀ lé e lè dà á padà fún ọ. Kí o sì ra ìwé kékeré kan, máa kọ wákàtí tí o fi ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀gá rẹ máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù. Ìdí tí mo fi sọ ti ìwé yìí ni àbúrò bàbá rẹ.

Bàbá kékeré kò purọ́, ilẹ̀ òyìnbó ní àǹfààní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ ibẹ̀ nígbà ayé tiwọn ti yàtọ̀. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá lọ ṣe másítà oníkíláàsì, èyí tí kì í ṣe ti ìwádìí nìkan, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ lọ mọ́. Ọdún méjì tí wọ́n máa ń fún èèyàn láti fi wáṣẹ́ lẹ́yìn másítà yóò di oṣù méjìdínlógún fún ẹni tó bá béèrè fún un láti oṣù kìíní 2027. Owó ìtọ́jú ìlera akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 776 pọ́n-ùn lọ́dún, owó ilé ìwé kò sí níbẹ̀, owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Owó tí o fẹ́ fi gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọn yóò ní kí o kọ́kọ́ fi 11,904 yúrò pamọ́ sí àkáǹtì tí wọ́n tì, kí wọ́n máa yọ ọ́ fún ọ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ṣírò rẹ̀ sí náírà kí o rí i. Ilé ta ni wọ́n fẹ́ tà?

Nítorí náà, sọ fún bàbá kékeré pé o fẹ́ wá, pé ẹlòmíràn ni o fẹ́ kó san án. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè 2,800 wákàtí iṣẹ́ lẹ́yìn digírì. Bí o bá ń ṣe ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, àádọ́rin ọ̀sẹ̀ ni, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. O rí ibi tí ìwé kékeré yẹn wúlò sí báyìí. Kí o mọ̀ pé dandan ni kí ẹni tó bá gbà á padà sílé fún ọdún méjì. Erasmus Mundus ti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń san owó ilé ìwé, ó sì ń fúnni ní 1,400 yúrò lóṣù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò rẹ̀ ló sì wà fún oúnjẹ, omi àti àyíká. Àárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni wọ́n sábà máa ń gba fọ́ọ̀mù. Gbogbo wọn ló máa ń ní kí o kọ ìdí tí o fi fẹ́ kàwé sí i. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "láti ìgbà èwe mi ni mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì" yóò wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ ohun tó rí nínú páìpù ní Ọbáńtókò, òun nìkan ni.

Bàbá rẹ ńkọ́? Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, má bínú sí wọn. Wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní òun ń bọ̀ wá parí ìwé tí kò padà mọ́. Má bá wọn jiyàn níwájú èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n bá ti jẹun tán, kúnlẹ̀, kí o ní, "Bàbá, ọdún kan àbọ̀ ni mo tọrọ. Oṣù báyìí ọdún báyìí ni màá mú fọ́ọ̀mù wá síwájú yín." Dárúkọ oṣù náà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Òbí lè gba ọjọ́ tó ní orúkọ, "tó bá yá" ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá tún sọ ti iná tó ń kú, rán wọn létí Ẹ̀bọ́ra Òwu. Olóyè Ọbásanjọ́ ti ṣe ààrẹ tán, síbẹ̀ wọ́n ń kàwé ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti lè máa jókòó sílé kàwé, wọ́n sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 2018. Inú ìlú wa níbí ni wọ́n ń gbé, bàbá rẹ mọ̀ wọ́n.

Ti màmá rẹ ló wá dùn mọ́ mi jù, mo sì rí i pé gbólóhùn kan péré lo fi sọ ọ́, bí ẹni pé ìjákulẹ̀ ni kí ọmọ tó gba digírì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi, ṣé o ti wo inú ìkòkò aró rí pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Alábàtà?

Àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń gún ewé ẹlú, wọn á mọ ọ́n lóṣùṣù, wọn á sá a. Wọn á wá kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú, wọn á dé e mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí aró náà bá ṣe dáadáa, òórùn rẹ̀ á yí padà, ojú rẹ̀ á hó. Aṣọ tí wọ́n bá fà jáde nínú rẹ̀ kì í dúdú lọ́wọ́ kan náà. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ni yóò kọ́kọ́ ní, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, yóò sì máa dúdú lójú rẹ títí yóò fi di aró. Bí aró bá kọ̀ tí kò ṣe, Ìyá Màpó ni àwọn aláró máa ń bẹ̀. Ìwọ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń mú kí ẹlú yòrò sínú omi, kí aṣọ lè mu ún. Máíkíróbáyọ́lọ́jì pọ́nńbélé ni, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ FUNAAB.

Lónìí, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hàídírọ́ọ̀sì àti sódà ni ọ̀pọ̀ ń lò ní Ìtòkú, torí ó yá, kò sì gba ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n sódà ń jẹ ọwọ́, ẹ̀yin ará Ìtòkú ló sì mọ gọ́tà tí omi rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ẹnì kan bá lè mú kí ìkòkò ẹlú máa ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́, láìkọ̀, ìbéèrè másítà nìyẹn, ọjà sì nìyẹn. Mi ò sọ pé ìwọ ni yóò ṣe é o. Mo ní kí o má gbé ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o gbé digírì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Máa lọ bá wọn níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra aṣọ funfun tí wọ́n ń pa láró, bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè, ẹni tó ń jẹ wọ́n ní gbèsè. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ọ ní ìyẹn ní ọ̀fẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà dára, ṣùgbọ́n torí pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kọ́ ni kó o fi ṣe é. Fi ìrọ̀lẹ́ oṣù mẹ́ta dán an wò. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò gba owó lọ́wọ́ ẹni, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ dátà. Bí o bá gbádùn rẹ̀, ó ti bọ́ sí i. Bí o ò bá gbádùn rẹ̀, o ti mọ Excel dáadáa, kò sì sí láàbù tí kò nílò rẹ̀.

Ní ti òru tí o ń jí, ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́rin lo gbé sórí kan, kò lè ṣe kó má jí ọ. Lọ́jọ́ Ajé, kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ márùn-ún, mẹ́ta láàárín ìlú, méjì ní Ṣàgámù tàbí Ọ̀tà, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé ti àárín ìlú lọ. Kí ó tó di ọjọ́ Ajé, bi màmá rẹ bóyá ìyá àgbà kan ṣì wà ní Ìtòkú tó ń fi ẹlú ṣe aró bí ti àtijọ́. Bó bá wà, lọ kí wọn, kí o ní kí wọ́n jẹ́ kí o ṣí ìkòkò náà ní ọjọ́ kẹta, kí o sì kọ̀wé sí mi pé báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí.